Owó Ìrànwọ́ Pàjáwìrì fún Ológbò Oníwèé Ìran: Ta Ni Wọ́n Ń San Án Fún, Kí Ni Ó sì Wà Fún?

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ pé àpò owó kan wà tí wọ́n fi ń dóòlà àwọn ológbò oníwèé ìran lè béèrè pé kí ni ẹran olówó gọbọi ń fi ìrànwọ́ ṣe. Ìbéèrè náà kò burú. Ológbò oníwèé ìran ni èyí tí a mọ baba àti ìyá rẹ̀ dé ìran mélòó kan sẹ́yìn, tí orúkọ gbogbo wọn sì wà nínú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ tí ó gbajúmọ̀, irú bíi Cat Fanciers' Association tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1906, Governing Council of the Cat Fancy tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1910, àti The International Cat Association tí ó dé lẹ́yìn wọn ní ọdún 1979. Persian, Siamese, Maine Coon, Ragdoll àti Sphynx wà lára àwọn ìran tí à ń sọ. Owó ńlá ni wọ́n fi ń rà wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó tí a fi ra ẹran kì í bá ẹran náà gbé. Bí ẹni tí ó ni ín bá kú, tí ó bá wọ gbèsè, tàbí tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, kò sí ohun tí ó kù fún ológbò náà ju ara rẹ̀ lọ, ara yẹn gan-an sì lè gba owó ìtọ́jú ju ti ológbò tí ń rìn kiri ojú títì lọ.

Ìwà ìkà kọ́ ni ó sábà ń fa wàhálà náà. Nígbà tí wọ́n bá ká ológbò tí ó tó ogún mọ́ inú ilé kan, ohun tí aráyé ń rò ni pé ọ̀dájú ni ó ń gbé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé ẹni tí ó ti ń tọ́jú wọn dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ogbó tàbí àrùn ìgbàgbé ká lọ́wọ́ kò. Abo ológbò a máa gbé oyún fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ó sì lè tún lóyún mìíràn kí àwọn ọmọ tí ó ń fún lọ́mú tó já lẹ́nu ọmú. Nítorí náà, bí akọ àti abo bá ń bá ara wọn gbé láìsí ẹni tí ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀, ìwọ̀nba ológbò tí apá ká tẹ́lẹ̀ lè di èyí tí apá kò ká mọ́ láàrin ọdún kan. Àwọn tí ń sin ológbò fún ìdíje tún ní ìtìjú tiwọn: wọ́n ti gba àmì ẹ̀yẹ, wọ́n mọ ara wọn káàkiri, gbogbo aṣọ kọ́ sì ni à ń sá lóòrùn. Wọ́n á máa pa á mọ́ra títí owó yóò fi tán pátápátá. Ní èrò tèmi, ìdádúró yìí ń pa ológbò ju àìlówó fúnra rẹ̀ lọ, nítorí pé ẹgbẹ́ tí ó lè gba mẹ́ta sílé lóṣù yìí kò ní lè gba ọgbọ̀n lálẹ́ ọjọ́ kan. Wàhálà tún ń gba ọ̀nà ikú, ìkọ̀sílẹ̀, iná àti omíyalé wọlé, tàbí kí onílé lé ayálégbé jáde, tàbí kí àwọn aláṣẹ wá kó ẹran nítorí ẹ̀sùn pé wọ́n ń fi ìyà jẹ wọ́n.

Ohun tí ó ń da ọ̀rọ̀ náà rú jù lọ ni pé orúkọ kan ṣoṣo, ìrànwọ́ pàjáwìrì, ni wọ́n fi ń pe oríṣiríṣi owó tí iṣẹ́ wọn kò jọra. Èyí tí ẹgbẹ́ àwọn tí ń sin ìran ológbò kan dá jọ fún ìran tiwọn nìkan wà. Èyí tí àjọ aláàánú ẹranko ń san fún ẹnikẹ́ni tí apá rẹ̀ kò ká owó dókítà ẹranko wà, yálà ológbò náà ní ìwé tàbí kò ní. Èyí tí ilé ìwòsàn ẹranko fúnra rẹ̀ yà sọ́tọ̀ wà, èyí tí àwọn ènìyàn tí kò mọ ara wọn rí dá jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì wà pẹ̀lú. Owó ìwádìí tún yàtọ̀ sí gbogbo wọn. EveryCat Health Foundation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1968 pẹ̀lú orúkọ Winn Feline Foundation, wà láti ran àwọn onímọ̀ tí ń wádìí àìsàn ológbò lọ́wọ́, kò wà láti san owó ilé ìwòsàn fún ológbò ẹnì kan. Ẹni tí ológbò rẹ̀ ń kú lọ tí ó wá jókòó kọ̀wé sí irú àjọ bẹ́ẹ̀ kàn ń fi wákàtí tí ó ṣe iyebíye ṣòfò ni, bí inú àwọn tí yóò ka ìwé náà tilẹ̀ dára tó. Ìbánigbófò kò tún ní ṣe é, nítorí pé àìsàn tí ó ti wà lára ẹran kí a tó fọwọ́ sí ìwé ni ilé iṣẹ́ ìbánigbófò sábà ń yọ sílẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn kan sì ń fi owó yíyá lọ ènìyàn, tí wọ́n á pè é ní ìrànwọ́. Kí a béèrè ní gbangba bóyá a ó dá a padà, àti iye èlé tí yóò gùn ún, kí a tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Owó pàjáwìrì gan-an jẹ́ owó àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yọ ológbò kúrò nínú ewu, kí ó sì gbé e dé ọwọ́ alágbàtọ́ tàbí ẹgbẹ́ tí yóò máa bá ìtọ́jú lọ. Ó sábà máa ń kéré sí gbogbo owó tí ọ̀rọ̀ náà yóò gbà, ẹni tí ó bá sì ń retí pé yóò kárí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò rí ìjákulẹ̀. Ohun tí ó sì ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé kì í bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó béèrè. Ilé ìwòsàn tí ó ṣe ìtọ́jú ni àpò owó ń sanwó fún tààràtà, yálà lórí fóònù tàbí nípasẹ̀ báǹkì, lẹ́yìn tí ó bá ti rí ìwé ìdíyelé tí dókítà fọwọ́ sí. Kì í ṣe pé wọn kò fọkàn tán olùbéèrè. Owó ọlọ́rẹ ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lè fi rìsíìtì hàn pé ibi tí wọ́n ní ó ń lọ náà ni ó lọ. Ìdí kan náà ni ọ̀pọ̀ àpò owó kò fi ń san gbèsè ìtọ́jú tí a ti ṣe tán lóṣù tí ó kọjá: ẹran náà ti bọ́ nínú ewu, gbèsè sì ti di ọ̀rọ̀ àárín ènìyàn àti ilé ìwòsàn rẹ̀.

Ká sọ pé obìnrin àgbàlagbà kan tí ó ti ń sin Persian fún ọgbọ̀n ọdún ṣubú nínú ilé, tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, tí ẹnikẹ́ni kò sì rántí àwọn ológbò rẹ̀ títí aládùúgbò fi ṣílẹ̀kùn lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Mọ́kànlá ni wọ́n. Irun Persian gùn, ó sì rọ̀. Bí a kò bá yà á lójoojúmọ́, yóò lọ́ mọ́ra, yóò sì dì títí yóò fi dà bí ẹní tí wọ́n rán mọ́ awọ. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ á dì mọ́ ọn nídìí, awọ abẹ́ rẹ̀ á pọ́n, á bó, á sì máa ṣomi. Kò sí bí a ṣe lè fi kọ́ḿbù tú irú irun bẹ́ẹ̀ lára ẹran tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀, nítorí pé gbogbo fífà rẹ̀ ń fa awọ. Dókítà ní láti fún un ní oògùn oorun kí ó tó fi ẹ̀rọ fá a, imú Persian sì pẹ́ pẹrẹsẹ tó bẹ́ẹ̀ tí mímí rẹ̀ lábẹ́ oògùn oorun fi gba ìṣọ́ra ju ti ológbò mìíràn lọ. Ohun tí aládùúgbò rò pé kò ju fífá irun lọ ti di iṣẹ́ dókítà, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣáájú rẹ̀ àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ èémí rẹ̀ títí yóò fi jí.

Ebi ni ó tún kàn. Ológbò tí ó sanra, tí kò jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, wà nínú ewu pé ọ̀rá yóò sáré bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, tí ẹ̀dọ̀ náà kò sì ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Bí etí àti ẹyinjú rẹ̀ bá ti ń yọ àwọ̀ ìyeyè, wákàtí ni à ń kà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ìkánjú da oúnjẹ púpọ̀ síwájú ẹran tí ebi ti pa tipẹ́ lè pa á, nítorí pé àwọn èròjà iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò já wálẹ̀ lójijì bí oúnjẹ bá ti wọ inú. Díẹ̀díẹ̀ ni à ń bọ́ ọ, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọ̀pá rọ́bà tí wọ́n gbà ní ọrùn tàbí imú dé inú ikùn, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Akọ ológbò tí ó ń lọ sórí àwo iyanrìn léraléra, tí ó ń kérora, tí ìtọ̀ kò sì jáde, kò ní ọ̀sẹ̀ kankan ní tirẹ̀: ojú ìtọ̀ rẹ̀ ti dí, májèlé ń kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì lè kú láàrin ọjọ́ kan sí méjì. Irú èyí ni àpò owó ń yára dáhùn jù lọ, nítorí pé ewu rẹ̀ hàn, ìtọ́jú rẹ̀ mọ́ níwọ̀n, ẹran tí ó bá sì yè é sábà ń padà bọ̀ sípò.

Ìran tí ológbò ti wá ń yí ìwé ìdíyelé padà, ibí yìí sì ni àwọn ẹgbẹ́ tí ó mọ ìran kan dunjú ti wúlò ju owó wọn lọ. Ní ọdún 2005 ni àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn rí àyípadà kan nínú àbùdá Maine Coon tí ó ń mú kí iṣan ọkàn nípọn ju bí ó ti yẹ lọ, wọ́n sì rí irú rẹ̀ nínú Ragdoll lẹ́yìn náà. Ìdí nìyí tí dókítà fi lè béèrè àwòrán ọkàn kí ó tó gbà láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Ọ̀pọ̀ British Shorthair àti Devon Rex ní ẹ̀jẹ̀ irú B, èyí tí kò wọ́pọ̀ láàrin àwọn ológbò yòókù, bí wọ́n bá sì fa ẹ̀jẹ̀ irú A sí wọn lára, ẹ̀jẹ̀ náà lè pa wọ́n. Sphynx kò nírun, òtútù sì ń tètè mú un nínú kéèjì. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ilé ìwòsàn ń fi àyẹ̀wò kó owó jọ. Ẹni tí ó ti ń sin ìran náà fún ogún ọdún lè sọ fún alábòójútó àpò owó lórí fóònù pé èyí pọn dandan, pé ìyẹn lè dúró. Nínú ilé tí ológbò pọ̀ sí, làpálàpá tún wọ́pọ̀, pàápàá láàrin Persian. Kì í pa ẹran, ó sì ń ràn mọ́ ènìyàn. Àmọ́ ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó tán, ní gbogbo àkókò náà, alágbàtọ́ kò lè kó àwọn ológbò wọ̀nyí mọ́ tirẹ̀. Mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ làpálàpá máa ń dá ìdóòlà dúró ju àìsàn ńláńlá lọ, nítorí pé yàrá tí ó ṣófo ni à ń wá, owó kò sì ń bí yàrá.

Àwọn nǹkan kan wà tí àpò owó kì í fẹ́ fọwọ́ kàn. Àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Ìrora eegun tí ń bá ọ̀pọ̀ Scottish Fold gbé títí ayé, nítorí pé àbùdá tí ó ká etí wọn náà ni ó ń ba kèrékèré oríkèé ara wọn jẹ́, kò ní ọjọ́ tí a lè sọ pé pàjáwìrì rẹ̀ parí. Àrùn tí a mọ̀ sí FIP, tí ó ń wá láti ara kòrónáfáírọ́ọ̀sì ológbò, tí ó sì wọ́pọ̀ níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ológbò ti ń gbé pọ̀, jẹ́ ìṣòro mìíràn. Tẹ́lẹ̀, ológbò tí ó bá ní in ti gba ìwé ikú. Ní báyìí oògùn GS-441524 ń wo ọ̀pọ̀ wọn sàn, ṣùgbọ́n ìlànà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 84 lórí oògùn pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láàrin rẹ̀. Àwọn àpò kan ń san ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n á sì ní kí olùbéèrè wá ìyókù níbòmíràn. Èyí le láti gbọ́. Síbẹ̀ ó sàn kí a mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kìíní ju kí oògùn tán láàrin ọ̀nà lọ.

Ohun tí ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù ni rírà. Ẹnì kan rí ọmọ Persian tí ojú rẹ̀ ń ṣèpin, tí imú rẹ̀ dí, nínú kéèjì ẹni tí ń ta ẹran. Àánú ṣe é, ó fẹ́ san owó náà kí ó lè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó sì ń béèrè pé kí àpò owó dá a padà fún òun. Ọ̀pọ̀ àpò owó kò ní gbà. Lójú oníṣòwò náà, ọjà ni ó tà, ó sì rí i pé èyí tí ń ṣàìsàn ń yára tà. Kí oṣù tó parí, òmíràn ti wà nínú kéèjì kan náà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ni kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn aláṣẹ létí, tàbí kí wọ́n rọ ẹni náà láti yọ̀ǹda ẹran lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n wá fi owó wọn tọ́jú rẹ̀. Mo gbà pé òfin yìí tọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rọrùn fún ẹni tí ó dúró níwájú kéèjì.

Ta ni ó ni ológbò náà? Kí ìbéèrè yìí tó ní ìdáhùn, owó kì í lọ jìnnà. Ilé ìwòsàn lè fún ẹran tí ó ń kú lọ ní ìrànwọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò ní fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá tàbí tẹ ẹran ẹlẹ́ran lọ́dàá láìsí ìwé. Ohun tí a kọ́kọ́ ń ṣe ni kí a wá microchip, ẹ̀rọ kékeré bí irúgbìn tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún sábẹ́ awọ láàrin èjìká, tí nọ́ńbà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ oníka 15. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ti sọ ọ́ di dandan fún ológbò ilé láti oṣù Kẹfà ọdún 2024. Nọ́ńbà náà lè tọ́ka sí ẹni tí ó kọ́kọ́ sin ológbò náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé bí ẹni tí ó rà á kò bá lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ àwọn ni kí ó dá a padà sí. Ìpè kan péré lè tipa bẹ́ẹ̀ parí ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ wá owó. Bí ẹni tí ó ni ín bá wà láàyè, ìwé ìyọ̀ǹda tí ó fọwọ́ sí ni à ń fẹ́. Bí ó bá ti kú, ẹni tí òfin yàn láti pín ogún rẹ̀ ni a ó bá sọ̀rọ̀, nítorí pé ogún ni ológbò lójú òfin. Èyí tí àwọn aláṣẹ kó nítorí ẹjọ́ ni ó nira jù: ẹ̀rí ni wọ́n títí ilé ẹjọ́ yóò fi dájọ́, a kì í lè fi wọ́n fún ẹlòmíràn, owó oúnjẹ àti ti ìtọ́jú wọn sì ń ga lójoojúmọ́.

Nígbà tí ó bá kan kíkọ ìwé ìbéèrè, ẹkún kò ṣe pàtàkì tó àlàyé. Alábòójútó àpò owó lè ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nílẹ̀, ohun tí yóò sì fi pinnu ni iye ológbò, ìran wọn, ọjọ́ orí wọn bí a bá mọ̀ ọ́n, ibi tí wọ́n wà ní wákàtí yìí, ohun tí dókítà rí, iye tí ó kọ sínú ìwé ìdíyelé, iye tí ó ti wà nílẹ̀, àti ibi tí àwọn ológbò ń lọ lẹ́yìn ìtọ́jú. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn ènìyàn ń gbàgbé, òun sì ni ó ń mú kí wọ́n sọ pé rárá jù lọ, torí pé kò sí ẹni tí yóò fẹ́ san owó iṣẹ́ abẹ fún ẹran tí kò níbi tí yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá dá a sílẹ̀. Kí a kọ orúkọ ilé ìwòsàn àti nọ́ńbà fáìlì, kí a sì sọ fún dókítà pé ẹnì kan yóò pè é, nítorí pé ilé ìwòsàn kì í tú àṣírí ẹran ẹni fún àjèjì láìgba àṣẹ. Kí a sì sọ gbogbo ibi tí a ti béèrè. Bí àpò mẹ́ta bá ṣèlérí láti san apá kọ̀ọ̀kan, kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Bí wọ́n bá wá mọ̀ pé wọ́n san apá kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ilẹ̀kùn yóò tì.

Ẹni tí ó fẹ́ fi owó ṣètọrẹ náà ní láti la ojú rẹ̀. Àwòrán ológbò tí ó rù kan eegun máa ń yára tàn ká, gbájú-ẹ̀ sì lè jí i láti ibikíbi. Ẹni tí ó ní kò sí àyè láti pe ilé ìwòsàn, tí ó sì fẹ́ kí owó wọ àkáǹtì ara rẹ̀ nìkan, ti sọ irú ẹni tí òun jẹ́. Kí olùtọrẹ fúnra rẹ̀ wá nọ́ńbà fóònù ilé ìwòsàn náà, kí ó má ṣe lo èyí tí wọ́n fún un, kí ó sì san owó náà sórí fáìlì ẹran níbẹ̀.

Bí ara àwọn ológbò bá ti yá, ẹgbẹ́ adóòlà á tẹ àwọn akọ lọ́dàá, á sì jẹ́ kí wọ́n yọ ilé ọmọ àwọn abo kí ẹnikẹ́ni tó gbà wọ́n sílé. Ìwé ìran wọn kì í sábà bá wọn lọ, èyí tí ó ń bí àwọn tí ó fẹ́ gbà wọ́n nínú nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ẹran tí kò ní bímọ mọ́ kò nílò ìwé tí a fi ń ta ọmọ. Owó díẹ̀ tí ẹni tí ó gbà wọ́n san yóò padà sínú àpò. Olùbéèrè ní láti fi rìsíìtì àti ìròyìn kúkúrú ránṣẹ́, títí kan ìròyìn àwọn tí ó kú, nítorí pé àwọn kan yóò kú, àpò owó kò sì retí pé kí a fi wọ́n pamọ́. Bí owó tí wọ́n san bá ṣẹ́ kù ní ilé ìwòsàn nígbà tí ìtọ́jú parí, àpò owó ni ó ni ín, kí olùbéèrè sì rí i pé wọ́n dá a padà kí wọ́n tó ti fáìlì náà.